OWÓ TÓ GBA ỌWỌ́ RẸ KỌJÁ KỌ́ NI ÈRÈ RẸ

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yín ni.

Láti ìgbà tí ọdún 2026 ti wọlé, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù lẹ́yìn ìsìn kì í ṣe ti àlá mọ́. Owó-orí ni. "Daddy, ṣé lóòótọ́ ni pé ìjọba á máa yọ owó nínú akáùntì wa?" "Daddy, wọ́n ní tí èèyàn bá ti kọ 'gift' sára trásífà, wọn ò ní gba nǹkan kan." Mo mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà yín. Ọ̀pọ̀ yín ló ń tajà lórí WhatsApp, Instagram àti Facebook. Ẹ wà káàkiri Post Office níbí, láti abẹ́ overhead títí dé Challenge àti Taiwo Road, ẹ ń ta aṣọ ọmọdé, bàtà, wíìgì, òrí, fóònù. Ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ò ju ibi tí àga méjì lè gbà lọ, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ ń dé Abuja, ó ń dé Port Harcourt. Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí, nítorí àhesọ ló ń pa èèyàn ju òfin lọ. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu àwọn òfin owó-orí tuntun. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí o bá ń dá òwò rẹ ṣe, kódà kí o ti forúkọ òwò náà sílẹ̀ ní CAC, ìjọba ìpínlẹ̀ tí ò ń gbé lo máa san owó-orí orí èrè rẹ fún. Fún àwa tó wà ní Kwara, KW-IRS nìyẹn, iléeṣẹ́ tí ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ lọ́dún 2015. Kọ́ńpìnnì tó ní "Limited" lẹ́yìn orúkọ ni ìlànà tirẹ̀ yàtọ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ nìyẹn.

Òfin tuntun yìí ní ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, wọn ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, náírà 15 nínú 100. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀lé ìyẹn, náírà 18 nínú 100. Ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé 25 nínú 100 fún àwọn tí owó wọn pọ̀ gan-an. Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà o: èrè ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe gbogbo alert tó dún lórí fóònù rẹ. Ìnáwó tó jẹ́ ti òwò nìkan, wàá kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́rìí sí ìnáwó yẹn? Ìwé ni.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa gbà mí láyè kí n sọ tirẹ̀, kí n ṣáà má dárúkọ òun. Aṣọ ọmọdé ló ń tà. Balógun ní Èkó ló ti ń rà á, orí fóònù ló ti ń tà á. Ó wá bá èmi àti ìyàwó mi nílé, ó ní òun fẹ́ pa page òun rẹ́, kí òun wá iṣẹ́ mìíràn. Ó ti lọ gba statement ní báńkì. Owó tó wọlé láàárín oṣù 12 jẹ́ ₦7,200,000. Ó bú sẹ́kún: "Daddy, mi ò ní owó yìí! Níbo ló wà?"

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìyàwó mi, tó ti pẹ́ nídìí ìṣirò owó, ní kó dákẹ́, kó lọ kó gbogbo ìwé ọjà rẹ̀ wá. Ọ̀rá dúdú kan ló gbé dé. A tú u sílẹ̀ lórí tábìlì, a ṣírò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjà tó rà, ₦5,000,000. Wébílì láti Èkó, ₦420,000. Owó àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé ọjà lọ fún oníbàárà, ₦300,000. Owó ṣọ́ọ̀bù, ₦240,000. Dátà àti ìpolówó, ₦180,000. Ọ̀rá àti páálí tó fi ń di ọjà, ₦60,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦6,200,000. Èrè rẹ̀ lódidi ọdún kan jẹ́ ₦1,000,000.

Ẹ gbé òṣùwọ̀n òfin tuntun lé e. Ẹ yọ ₦800,000 tí wọn kì í fọwọ́ kàn, ó ku ₦200,000. Náírà 15 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ₦30,000. Arábìnrin wa rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwé dà?"

Nínú ₦5,000,000 ọjà yẹn, ₦1,400,000 ni kò sí ìwé rẹ̀. Owó lọ́wọ́ ló fi rà á, kò gba risíìtì, kò kọ ọ́ síbì kan. Ó mọ̀ pé òun ná an, Ọlọ́run mọ̀, ṣùgbọ́n tábìlì tó wà níwájú wa ò mọ̀. Bí ìnáwó yẹn bá ti jáde kúrò nínú ìṣirò, èrè rẹ̀ nínú ìwé di ₦2,400,000, owó-orí sì di ₦240,000. ₦210,000 ti lọ lé ₦30,000 nítorí bébà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Bí kò bá wá sí ìwé kankan rárá ńkọ́? Òfin fún àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí láyè láti fojú díwọ̀n fún ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wo ₦7,200,000 yẹn bíi pé èrè ni gbogbo rẹ̀, owó-orí á jẹ́ ₦1,086,000. Ó ju gbogbo èrè rẹ̀ lọ! Mi ò ní wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ o. Mò ń fi ibi tí àìsí ìwé lè gbé èèyàn dé hàn yín ni. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìwé lọlọ́jà fi ń ṣọ́ owó-orí.

Mo mọ ohun tí àwọn ará kan máa sọ: "Pásítọ̀, ìgbàgbọ́ la fi ń rìn, ṣé risíìtì la tún fẹ́ máa kó kiri?" Ẹ ṣí Jeremáyà orí 32. Ogun Bábílónì ti yí Jerúsálẹ́mù ká, wòlíì fúnra rẹ̀ wà látìmọ́lé. Ọlọ́run ní kó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀. Wòlíì tó ń gbọ́ ohùn Ọlọ́run tààràtà nìyẹn, síbẹ̀ kò ní "Olúwa ti mọ̀, ó tó." Ó wọn ṣékélì 17 fàdákà, ó kọ ìwé, ó pe ẹlẹ́rìí, ó ṣe ẹ̀dà méjì, ọ̀kan tí wọ́n fi èdìdì dì àti ọ̀kan tó ṣí sílẹ̀. Ó wá ní kí Bárúkù kó méjèèjì sínú ìkòkò amọ̀, kí wọ́n lè pẹ́. Ta ló wá sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ àti risíìtì ń jà?

Alhaji kan tó jẹ́ aládùúgbò mi fi kún un fún mi. Ó ní ẹsẹ tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí ló dá lé. Ìlú Ìlọrin la wà, a jọ ń tajà, a jọ ń ra ọjà. Kò sí ẹni nínú wa tó lè ní ẹ̀sìn òun kò kọ́ òun láti kọ nǹkan sílẹ̀.

Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún pàápàá, orúkọ àdúgbò wa ti kọ́ wa. Nígbà tí lẹ́tà ṣì ń ṣiṣẹ́, bí o bá fi lẹ́tà pàtàkì ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, akọ̀wé á kọ nọ́ńbà rẹ̀, á lu òǹtẹ̀, á ya bébà kékeré kan fún ẹ. Bí lẹ́tà bá sọnù, bébà yẹn ni ẹnu rẹ. Ẹni tó bá ti jù ú nù, àlàyé ló kù tó máa ṣe.

Ohun kan tún wà lórí tábìlì ọjọ́ yẹn tó dùn mí. Arábìnrin yìí ní bí alert bá ti wọlé báyìí, òun á ti yọ ìdámẹ́wàá rẹ̀. Bí aṣọ bá jẹ́ ₦10,000, ₦1,000 ti lọ. Bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò wa, èrè rẹ̀ lórí ₦10,000 kò tó ₦1,400. Owó ọjà bá ń dín, ó bá ń yá owó kún un. Mo sọ fún un, mo sì ń sọ fún gbogbo ìjọ: owó tó kù yẹn kì í ṣe tìrẹ. Ti ìyá tó ń tajà fún ẹ ní Balógun ni, ti ọlọ́kadà ni, ti onílé ṣọ́ọ̀bù ni. Olúwa kì í gba owó olówó lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Orí èrè rẹ ni kí o ti mú ìdámẹ́wàá. Pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan lè ka èyí kó ní mò ń lé owó kúrò nínú ìjọ. Kò burú. Kí ọmọ ìjọ má jẹ gbèsè dùn mọ́ mi ju kí àpótí kún lọ.

Ti "gift" tí ẹ ń kọ sára trásífà wá ńkọ́? Òótọ́ ni pé ẹ̀bùn kì í ṣe èrè. Ṣùgbọ́n aṣọ tí o tà, tí o wá pè ní ẹ̀bùn, irọ́ ni, ọ̀nà mìíràn ò sí tí mo lè gbà sọ ọ́. Irọ́ yẹn á tún dojú kọ ìwọ fúnra rẹ lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ fi statement yá owó, tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ọjà dà. Àwọn kan á ní títì ò dáa, iná ò sí, kí la fẹ́ sanwó lé? Ẹ béèrè! Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹni tó san, tó sì ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, ló lẹ́nu láti béèrè. Nínú Mátíù orí 17, nígbà tí wọ́n béèrè owó tẹ́ńpìlì, owó tó jáde lẹ́nu ẹja yẹn tó fún Jésù àti Pétérù gééré. Kò dín, kò lé. Ohun tí mo fẹ́ fún yín nìyẹn: ẹ san èyí tó tọ́, ẹ má san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ máa ṣe rèé, láti alẹ́ òní:

1. Ya akáùntì òwò sọ́tọ̀. Kí owó ilé àti owó ọjà má jọ sùn pọ̀.

2. Ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, owó tó wọlé, owó tó jáde. Kọ ọ́ kí o tó sùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

3. Ya àwòrán gbogbo risíìtì lọ́jọ́ tí o gbà á. Risíìtì POS máa ń ṣá, oṣù mélòó kan, ó ti di bébà funfun. Ko ojúlówó rẹ̀ sínú ápólà ìwé oṣù kọ̀ọ̀kan.

4. Bí ẹni tó tajà fún ẹ kò bá ní risíìtì, ìwọ kọ ọ́: ọjọ́, ọjà, iye, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kó buwọ́ lù ú. Bí o bá lè ṣe trásífà, ṣe é, kí o sì kọ ohun tí o fi rà sára rẹ̀.

5. Dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ tí ilé àti òwò jọ ń lò, pín in. Ti òwò nìkan ni kí o kọ. Aṣọ ẹbí kì í ṣe ìnáwó òwò. Ìdámẹ́wàá àti ọrẹ náà, ẹ má kọ wọ́n mọ́ ọn. Owó oúnjẹ tí o mú nínú èrè, kọ ọ́ sọ́tọ̀.

6. Tọ́jú risíìtì owó ilé tí ò ń gbé. Òfin á yọ náírà 20 nínú 100 owó ilé náà fún ẹ kí wọ́n tó ṣírò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n á yọ kò ní ju ₦500,000 lọ.

7. Tọ́jú gbogbo rẹ̀ fún ọdún 6, ó kéré tán. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdọọdún ni kí o ti fún KW-IRS ní ìṣirò ọdún tó kọjá. Ti ọdún 2026 yìí, oṣù kẹta ọdún 2027 nìyẹn. Má dúró de ọjọ́ yẹn kí o tó wá ọ̀rá dúdú.

Arábìnrin wa kò pa page rẹ̀ rẹ́. Ó pe àwọn tó ń tajà fún un ní Èkó lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan fi ẹ̀dà ìwé tiwọn ránṣẹ́, àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kí wọ́n tó kọ tirẹ̀. Ó ṣì ku ₦350,000 tí a ò rí ìwé rẹ̀ títí di òní. Owó-orí orí ìyẹn nìkan, ₦52,500 ni. Ó ti gbà pé òun á fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ti mọ èrè rẹ̀ báyìí, ó ti fi owó díẹ̀ lé ọjà méjì tó ń tà láìjèrè, kò sì yá owó láti oṣù mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìsìn Sunday tó ń bọ̀, ìyàwó mi á jókòó sí ọ́fíìsì ìjọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rá dúdú tirẹ̀, kó gbé e wá, kó má tijú. A ò gba owó.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kó sì fún yín lẹ́mìí àtikọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bá mi ṣe Àmín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọlọ́jà kan.

Èmi ni pásítọ̀ yín, Post Office, Ìlọrin.