Àdúgbò Wa ní Ìgbàrà-Òkè

Nígbà tí a rán àwa mẹ́ta lọ sí Ìgbàrà-Òkè láti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, yàrá tí a rí gbà wà lẹ́bàá títì tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́. Ní ìlú yìí ni ọ̀nà Ìgbàrà-Odò, tí ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọdún 1996, ti yà. Nítorí náà ni ọkọ̀ kì í fi í wọ́n níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn alákàrà ti ń dáná. Bí ọkọ̀ bá sì ti dúró, àwọn ọmọdé a gbé igbá ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà sáré lọ sí ojú fèrèsé rẹ̀. Kí a má purọ́, ariwo wọn sú wa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a kọjá níwájú ìyá arúgbó kan tí ń ta ẹ̀kọ, a kò kí i. Nígbà tí a padà wá ra ẹ̀kọ, ó ní òun kò tà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ kún inú agbọ̀n rẹ̀!

“Ẹ̀yin tíṣà, kí ni ẹ óò wá kọ́ àwọn ọmọ wa?”

Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn alákàrà gbọ́. A dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí erùpẹ̀ pupa. Aṣọ funfun wa kò jọ ti tíṣà mọ́ ní ọjọ́ náà. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó tà fún wa, ó sì fi ẹyọ kan ṣe ènì.

Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ kan kò kọjá kí ó má bi wá léèrè ohun tí a kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà mìíràn a kò mọ èsì tí a ó fún un.