Ọmọ Ta Ni Olódo?

(Látìfá ń bá wọn ṣiṣẹ́ nílé-ìwé kan ní Peckham, nílùú London. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìyá Wásíù, ń ta èlùbọ́ ní Ṣakí. Ibẹ̀ ni Látìfá ti wá kí i.)

ÌYÁ WÁSÍÙ: Ọmọ ìyá oníwàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yẹn, ó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Orí Fúlàní kì í gbàwé. Bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn.

LÁTÌFÁ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun! Ohun tí àwọn òyìnbó sọ nípa ọmọ aláwọ̀ dúdú gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí wọn ti Caribbean wá, iléèwé àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé ni wọ́n ń kó wọn lọ ní London, títí Bernard Coard, olùkọ́ ọmọ Grenada, fi kọ̀wé tú u síta lọ́dún 1971.

ÌYÁ WÁSÍÙ: Ìkà ni wọ́n.

LÁTÌFÁ: Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Bí ẹ bá mú ọmọ lọ síléèwé ní England, wọ́n á béèrè ẹ̀yà rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

ÌYÁ WÁSÍÙ: Ṣé títà ni wọ́n fẹ́ tà á ni?

LÁTÌFÁ: Òbí lè ní òun kò sọ. Ṣùgbọ́n bí èsì ìdánwò bá jáde, ìjọba á tò ó ní ẹ̀yà-ẹ̀yà: òyìnbó ibẹ̀, dúdú láti Áfíríkà, dúdú láti Caribbean, Íńdíà, Ṣáínà. Wọ́n tún ń ya àwọn ọmọ tálákà tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ sọ́tọ̀. Ta lẹ rò pé ó ń gbẹ̀yìn?

ÌYÁ WÁSÍÙ: Àwa dúdú náà ni.

LÁTÌFÁ: Rárá o! Ọmọ Ṣáínà ló ń ṣíwájú. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìjọba kà wọ́n mọ́ òyìnbó: àwọn Gypsy àti Roma, àti àwọn Traveller láti Ireland. Ìran tó máa ń ṣí kiri látijọ́ ni wọ́n. Bí àwọn tó ṣì ń ṣí kiri nínú wọn bá dó síbì kan, wọ́n á lé wọn. Ọmọ kò ní tíì mọ orúkọ olùkọ́ tí wọ́n á ti dẹrù.

ÌYÁ WÁSÍÙ: Bíi Fúlàní gẹ́lẹ́! Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́?

LÁTÌFÁ: Wọ́n ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ló ń rí físà gbà? Dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ti kàwé kó tó wọ bàálù. Ọmọ irú wọn kò ní ṣe kó má mọ̀wé. Àwa náà, kí Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, nǹkan bí 457,000 ọmọ ló wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Lọ́dún yẹn, wọ́n di 811,000. Ṣé ọpọlọ ọmọ Yorùbá ló yí padà lọ́dún kan? Màámi kò jókòó ní kíláàsì rí. Ṣé olódo ni wọ́n?

ÌYÁ WÁSÍÙ: Màámi kọ́! Tí wọ́n ń fi orí lásán ṣírò gbèsè gbogbo oníbàárà wọn!

LÁTÌFÁ: Oníwàrà náà ń ṣe é.

ÌYÁ WÁSÍÙ: Má fọ̀rọ̀ dídùn bò mí lójú. Lọ́dún 2013, ọmọ Anambra gbọ́dọ̀ gba máàkì 139 nínú ìdánwò kó tó wọ iléèwé Unity ti ìjọba àpapọ̀. Ti ọmọkùnrin Zamfara, 4 péré ni. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo kórìíra ará òkè Ọya.

LÁTÌFÁ: Ẹ sọ ọ́ síta! Ẹni tó bá ń bo iye yẹn mọ́lẹ̀ kò fẹ́ kí olùkọ́ dé Zamfara. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn gómìnà wọn, ẹ má bi ẹ̀jẹ̀ ọmọ.

ÌYÁ WÁSÍÙ: Ìjọba ṣáà dá iléèwé darandaran sílẹ̀.

LÁTÌFÁ: Ọdún 1989 ni wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀. Iléèwé wo ló wà ní gáà tí oníwàrà yìí ti ń wá?

ÌYÁ WÁSÍÙ: Mi ò dé gáà wọn rí. Màlúù wọn ló ń dé oko mi! Wọ́n jẹ ẹ̀gẹ́ mi. Ìyẹn náà, kí n má sọ?

LÁTÌFÁ: Ẹ sọ ọ́, kí ẹ gbé ẹni tó ni màlúù lọ sílé ẹjọ́. Kí ló kan ọmọ tó fẹ́ kọ́ ABD nínú ẹ̀gẹ́?

ÌYÁ WÁSÍÙ: Ó dáa, mo gbà fún ọmọ. Lórí ẹ̀gẹ́ mi, n kò ní dákẹ́.