Òrùlé àti Ìkánjú: Ìtàn Iṣẹ́ Onípáànù ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Káfíńtà onípáànù ni ẹni tó ń to igi òrùlé, tó ń kan páànù lé e, tó sì ń tún un ṣe nígbà tí ìjì bá ṣí i. Ní Ìjerò, Aramọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, láti Ìpotì dé Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ìkógòsí, iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ohun tó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ ni kí oníṣẹ́ máa tọ onílé wá láìpè, kó máa fínná mọ́ ọn pé òní ni kó sanwó, pé ọ̀la ti pẹ́ jù. Bí nǹkan ṣe yí padà débẹ̀ ni a tò sílẹ̀ níhìn-ín, láti ọwọ́ ẹnì kan tó ti inú iṣẹ́ náà wá.

Kí páànù tó dé, ewé gbódògì ni wọ́n fi ń bo ọ̀pọ̀ ilé nínú igbó Èkìtì; níbi tí koríko bẹẹrẹ bá pọ̀ sí, òun ni wọ́n ń lò. Ọ̀wẹ̀ ni onílé ń bẹ̀. Á gúnyán, á gbé ẹmu kalẹ̀, ẹbí, àna àti ẹgbẹ́ á péjọ, wọ́n á sì bolé náà tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí owó iṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa jèrè kankan bí onílé bá tètè pinnu. Àwọn tó ń yin ayé àtijọ́ kì í sábà rántí pé òrùlé ewé ń jò, ó ń jóná, ó sì ń fẹ́ àtúnṣe lemọ́lemọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó gba owó àsansílẹ̀ lórí rẹ̀ tó sá lọ.

Iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n pàtàkì náà kì í polówó ara rẹ̀. Ààfin Aláayè ní Ẹ̀fọ̀n jẹ́ àpẹẹrẹ kan: Agbonbiofe, ti ìdílé Adéṣínà tó gbajúmọ̀ nínú igi gbígbẹ́, ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kó tó kú ní 1945. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ ẹ ló ń ránṣẹ́ pe oníṣẹ́, òkìkí oníṣẹ́ ló sì ń ṣáájú rẹ̀ dé.

Kòkó ló gbé páànù wọlé. Bí kòkó ṣe ń gbilẹ̀ ní Èkìtì ni páànù ń gbilẹ̀ tẹ̀ lé e, nígbà tí owó kòkó sì gbéra lágbàáyé ní àwọn ọdún 1950, ilé páànù ni wọ́n fi ń mọ àgbẹ̀ tó rí ṣe. Owó kòkó kì í wọlé lójoojúmọ́. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni ìkórè ńlá, ẹ̀ẹ̀rùn tó dára fún òrùlé kíkàn náà sì bọ́ sí àsìkò yẹn. Ẹni tó bá mọ̀ pé owó àti ojú ọjọ́ ń pàdé báyìí mọ ìgbà tó yẹ kó kan ilẹ̀kùn àgbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ òwò ẹnu ọ̀nà ti wà nítòsí kí onípáànù tó gbà á. Àwọn Òṣómàáló, ìyẹn àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà, máa ń ru aṣọ kiri àwọn ìlú àti abúlé Èkìtì, wọ́n á tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá sì pé, wọ́n á lóṣòó sí ojúde ajigbèsè títí yóò fi san án. Wọn ò ta páànù, ṣùgbọ́n ohun méjì tí òwò wọn dúró lé lórí ló wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe òde òní: kí a gbé ọjà dé ibi tí oníbàárà kò ti lè fẹsẹ̀ fẹ, kí a sì fi ìtìjú mú un. Ó yẹ kí a sọ òótọ́ fún Òṣómàáló ṣá. Òun ló kọ́kọ́ gbé ọjà sílẹ̀ kó tó gbowó, òun náà ló sì gbé ewu rù. Agbaṣẹ́ṣe tòní ń gbowó kó tó kó ìṣó kan dé. Orí onílé ni ewu wà.

Àsansílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò burú. Káfíńtà tálákà kò lè fi owó ara rẹ̀ ra igi fún ilé ẹlòmíràn. Láyé ìgbà tí ọ̀gá káfíńtà kan wà ládùúgbò, tí gbogbo ènìyàn mọ ilé bàbá rẹ̀, owó tí wọ́n fún un sílẹ̀ kò lè sọnù láìjẹ́ pé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ káfíńtà. Ohun tó yí èyí padà ni àwọn tó wọ àárín oníṣẹ́ àti onílé. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Òǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1996, iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbaṣẹ́ láìní òòlù. Lọ́ńgísípáànì aluminium náà gbilẹ̀, tí wọ́n ń gé ní gígùn tí ilé bá fẹ́, tí iye rẹ̀ sì wà lórí mítà. Ẹni tó bá mú oníbàárà wá ń gba kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn lè má mọ bí wọ́n ṣe ń kan páànù rárá. Owó rẹ̀ wà nínú kí oníbàárà dáhùn. Bóyá òrùlé jò lẹ́yìn náà kò kàn án.

Àsìkò tí ìfínná yìí le jù ni ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀, nínú oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Ìjì ló máa ń ṣáájú òjò wọ̀nyí, àwọn ilé tó wà lórí òkè bíi ti Ẹ̀fọ̀n sì máa ń rí i ju ti àfonífojì lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ọkùnrin kan á ti dé pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì àti àkàbà. Kò ní dúró kí wọ́n ní kó gòkè. Á ti wà lórí òrùlé kí ìyá onílé tó jáde, á sì máa ké sílẹ̀ pé, “Mọ́mì, igi yín ti jẹrà o, ẹ ò gbọdọ̀ sùn síbí lálẹ́ yìí.” Á ju igi jíjẹrà kan sílẹ̀ kí wọ́n rí i. Ó lè jẹ́ igi ilé náà lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ èyí tó mú dání wá. Bó bá ti fa páànù mẹ́ta mẹ́rin yọ láti fi ibi tó bàjẹ́ hàn, ọ̀rọ̀ ti tán: ilé ti ṣí, òjò ń bọ̀, iye tó bá pè ni wọn yóò san. Káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í gun òrùlé láìgbàṣẹ, kì í sì í ṣí ohun tí kò tíì ní igi àti páànù tí yóò fi dí i.

Oríṣi mìíràn ni ti ẹni tó ń já yanrìn tàbí pákó sí iwájú ilé lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lásán. “Ẹ má wulẹ̀ dààmú, bàbá, ọmọ yín ni mí, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀.” Gbogbo àdúgbò ti rí yanrìn náà. Láti ní kó kó o kúrò á dà bí ẹni pé owó tán lọ́wọ́ onílé, ìtìjú yẹn ni olùtà sì gbẹ́kẹ̀ lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní páànù tó ṣẹ́ kù láti ilé ìwé kan tàbí ilé olówó kan, tí yóò tà á ní ìlàjì owó bí wọ́n bá san án kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1950, àwọn tó ń ta aluminium tí wọ́n fi ń bo ara ògiri ní irú ọgbọ́n kan náà: wọ́n á sọ fún onílé pé ilé tirẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe àwòṣe fún àdúgbò, nítorí náà ẹ̀dínwó ńlá wà fún un, bó bá fọwọ́ síwèé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nínípọn páànù ni ibi tí ìkánjú ti ń mówó wá jù. Aluminium 0.55 mìlímítà, 0.45 àti 0.40 kò yàtọ̀ lójú ẹni tó dúró nísàlẹ̀. Ìwọ̀n wọn ló yàtọ̀: mítà onígun mẹ́rin kan, bó bá wà ní pẹlẹbẹ, tó nǹkan bí kílò 1.5 bó bá jẹ́ 0.55, kílò 1.2 bó bá jẹ́ 0.45, kílò 1.1 bó bá jẹ́ 0.40. Ilé tó gba 200 mítà onígun mẹ́rin, tí wọ́n fi 0.40 kàn dípò 0.45, pàdánù aluminium tó tó kílò 27, tí onílé sì ti sanwó rẹ̀. Máíkírómítà kékeré kan, tí wọ́n fi ń wọn nínípọn nǹkan, ni yóò sọ òótọ́, kìkì pé ọ̀dà ara páànù máa ń fi díẹ̀ kún iye tó bá kà. Olùtà tó ń kánjú kì í fẹ́ kí irin yẹn jáde lápò ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe gbogbo ìkánjú ni irọ́, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti kọ̀. Ilé amọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ṣí lè wó bí òjò bá rọ̀ sí i léraléra. Owó ọjà náà sì ń gbéra lóòótọ́. Lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ tú okùn lọ́rùn náírà ní oṣù kẹfà 2023, iye páànù, tí ohun èlò rẹ̀ ń ti òkè òkun wá, ń tẹ̀ lé dọ́là. Ní oṣù kejì 2024, àpò símẹ́ǹtì kan kọjá 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi, títí ìjọba àpapọ̀ fi pe àwọn iléeṣẹ́ símẹ́ǹtì sípàdé, tí wọ́n sì fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000. Ẹni tó sanwó ní January ọdún náà dúpẹ́ ní February. Àtìgbà náà ni “yóò wọ́n lọ́la” ti di ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó lè já ní koro. Ní ọdún 2024 kan náà, kòkó kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn àgbẹ̀ sì gbọ́ ọ kíá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìgbéga owó ń bà lẹ́rù lè ra páànù fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà, kó kó o sílé, kó sì fi ìfarabalẹ̀ wá ẹni tí yóò kàn án. Agbaṣẹ́ṣe tó kọ irú ètò yìí ti fi hàn pé kì í ṣe ọ̀wọ́n ọjà ló ń bà á lẹ́rù.

Ìsìnkú ló kàn, kò sì sí ohun tó fi onílé lé agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́ bíi tirẹ̀ ní Èkìtì. Ọjọ́ ti wà lórí pátákó ìkéde, ankara ti di rírà, àwọn àna àti ìjọ ń bọ̀, ilé bàbá tó kú kò sì gbọdọ̀ wà bó ṣe wà. Páànù, ọ̀dà, sílìn àti ilé ìgbẹ́ á di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Agbaṣẹ́ṣe mọ ọjọ́ náà bí àwọn ọmọ olókùú ṣe mọ̀ ọ́n. Á pe iye tó fani mọ́ra kó lè gba iṣẹ́, á ṣí òrùlé, nígbà tó bá sì ku ọjọ́ mẹ́wàá, á ní owó ti tán, pé igi tí òun rí nísàlẹ̀ kò ṣeé lò. Lọ́jọ́ yẹn kò sí ẹni tó lè lé e lọ. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ló máa ń san àlékún yìí, nítorí àwòrán WhatsApp nìkan ni wọ́n ń rí, àti nítorí ìbéèrè tí kò ní èsì: “Ṣé ẹ fẹ́ kí òjò pa àwọn àlejò yín ni?” Àwọn mọ̀lẹ́bí tó bá fẹ́ bọ́ nínú rẹ̀ máa ń fi iṣẹ́ òrùlé sí ẹ̀yìn ìsìnkú, kí wọ́n kun ògiri iwájú nìkan, kí wọ́n sì háyà kánópì fún àwọn àlejò.

Òfin ìlú tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ń gbé kò lè bá wọn dé Ìjerò. Ní Amẹ́ríkà, FTC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn òwò, ṣe ìlànà kan ní 1972 tó fún ẹni tó ra nǹkan lọ́wọ́ olùtà tó wá bá a nílé ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti yí ọkàn padà. Ní Britain, ọjọ́ 14 ni, lábẹ́ ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014. Ọmọ tó wà ní London lè fagi lé ọjà tó rà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Peckham. Òrùlé ìyá rẹ̀ kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà ní Nàìjíríà ni òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ. Ó kà á léèwọ̀ pé kí olùtà lo ipá, ìhalẹ̀, ìfínná tàbí ìyọnu láti fi tajà, láti fi ṣàdéhùn tàbí láti fi gbowó. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹ̀rí, ẹni tó sanwó lórí òrùlé láìgba rìsíìtì kò sì ní púpọ̀ láti mú lọ.

Nítorí náà, ohun tó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì fún ilé tí ìjì ṣí ni tapólì. Tí wọ́n bá na tapólì tó nípọn sórí ibi tó ṣí, tí wọ́n so ó mọ́ igi dáadáa, onílé ti gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì padà lọ́wọ́ ẹni tó ń kán an lójú. Láàárín àkókò yẹn, káfíńtà mìíràn lè wá wo igi náà, kí iye ẹni méjì tàbí mẹ́ta sì wà nílẹ̀. Ilé ẹbí ní ààbò mìíràn: ẹnì kan kò lè dá fọwọ́ sí i. Olùtà mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wá ẹni tó rọ̀ jù nínú ìdílé, pàápàá ìyá àgbà tó dá wà lọ́sàn-án. “Màá bi àwọn ọmọ” ni èsì tó sábà máa ń lé e lọ.

Owó sísan náà ní ètò tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ ń tẹ̀ lé. Owó igi ni àkọ́kọ́, tí onílé tàbí ọmọ rẹ̀ yóò bá káfíńtà lọ san ní ìsọ̀ pákó. Owó páànù á jáde nígbà tí igi bá ti dúró. Owó iṣẹ́ á pín sí méjì, ìdá kejì á sì dúró títí òjò ńlá kan á fi rọ̀ sórí ilé náà. Lórí rìsíìtì, kí wọ́n kọ nínípọn páànù ní mìlímítà, iye mítà, oríṣi igi, ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí, àti ẹni tí yóò ru owó igi tí wọ́n bá rí pé ó ti jẹrà lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí òrùlé. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni kì í sí nínú ọ̀pọ̀ rìsíìtì, orí rẹ̀ sì ni ìjà òrùlé ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.