Ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kì í ṣe àmì pé ọmọ ti ń dàgbà

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ inú oṣù kẹjọ, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kúrò ní Tube, a lọ wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Yewa. Bí ọlọ́kọ̀ ṣe ń fi àjẹ̀ tù wá lọ, a rí àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ibẹ̀ ni ọmọ ọmọ òun náà máa ń wẹ̀, àti pé ó ti ń tọ ẹ̀jẹ̀, ó ti ń di ọkùnrin.

Mo ní, “Ọ̀rẹ́, àìsàn ni o! Àtọ̀sí ajá ni.”

Kòkòrò tó ń fà á máa ń jáde lára ìgbín omi kéékèèké, á sì gba awọ ara ẹni tó wọ odò wọlé. Bí ẹni tó ní in bá tọ̀ sómi, ẹyin kòkòrò náà á tún padà síbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń ní in. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè ba àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín jẹ́.

Wọ́n yẹ ìtọ̀ ọmọ náà wò nílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní praziquantel bí ara rẹ̀ ṣe wúwo tó. Ara rẹ̀ ti yá, ṣùgbọ́n bó bá padà sínú odò, ó tún lè kó o.

Ẹ máa wo ìtọ̀ àwọn ọmọ yín, pàápàá èyí tó kán kẹ́yìn. Bó bá pupa, ilé ìwòsàn yá.