Ohun tí Omi Kọ Sára Òkúta

Òpìtàn tí mo sìn jù lọ nígbà tí mo ń kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ní Jámánì kò lẹ́nu, kò sì lọ́wọ́. Ẹfun ni. Omi tó bá gba inú òkúta ẹfun kọjá máa ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ. Bó bá ti bọ́ sí gbangba, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń tú jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹrù náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ se tíì ti rí i nídìí kẹ́tù. Nínú ojú omi tí àwọn ará Róòmù fi òkúta mọ láti gbé omi wọ ìlú, ẹfun yìí a máa nípọn kọjá ohun tí èèyàn lè rò. Èyí tó wà nínú ojú omi Cologne, tó gùn ní kìlómítà 95, nípọn débi pé àwọn tó wá lẹ́yìn gé e bíi mábù, wọ́n sì fi ṣe òpó ṣọ́ọ̀ṣì.

Iṣẹ́ wa rọrùn láti sọ, àmọ́ ó ń gba sùúrù. Ayùn tí omi ń ṣàn sí lórí la fi ń gé ẹfun náà. A ó máa fi sándípépà há a títí yóò fi dán, ẹrẹ̀ funfun á sì bò wá lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Lẹ́yìn náà la ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ amóhun-tóbi. Ìlà fífẹ́lẹ́ ló máa ń tò síbẹ̀, ọ̀kan ṣú, ọ̀kan mọ́. Ìyàtọ̀ ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń mú bẹ́ẹ̀ wá, ìlà méjì a sì máa dúró fún ọdún kan. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa kì í yé sọ ọ́ pé: “Ibi tí ìlà bá ti já ni kí ẹ bi léèrè.” Bí ìlà bá já, a jẹ́ pé omi dá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń tún ojú omi ṣe, ó lè jẹ́ ogun, ó sì lè jẹ́ pé ilẹ̀ ló mì.

Ìgbà tí mo dé Istanbul ni mo rí ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà. Afárá omi tí wọ́n fi orúkọ Ọba Valens pè ṣì wà láàárín ìlú níbẹ̀, ọkọ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá tọ̀sán tòru. Ojú omi tí afárá yìí jẹ́ apá kan rẹ̀ gùn tó kìlómítà 426, omi sì ń gba inú rẹ̀ wọ ìlú láti sẹ́ńtúrì kẹrin títí di bíi sẹ́ńtúrì kejìlá. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gül Sürmelihindi, Cees Passchier àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ka ìlà ẹfun inú rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2021, ti nǹkan bí ọdún 27 péré ni wọ́n bá. Níbo ni ìyókù wà? Àwọn òṣìṣẹ́ ti há a dànù. Láti ìran dé ìran ni àwọn kan ń wọ inú ihò yẹn lọ. Kìlómítà 50 tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ ojú omi méjì lé ara wọn, bóyá kí ọ̀kan lè máa ṣàn nígbà tí wọ́n bá ń fọ èkejì. A kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn, iṣẹ́ tí wọ́n sì ṣe dáadáa ló pa àkọsílẹ̀ ọdún tí wọ́n fi ṣe é rẹ́.

Ti Síríà ló wá yé mi jù. Nítòsí Missyaf, ní Al Harif, àwọn ará Róòmù mọ ojú omi kan gba orí ibi tí ilẹ̀ ti là, lórí ìlà gígùn tó gòkè wá láti Òkun Iyọ̀. Gbọnrangandan ni wọ́n mọ ọ́n. Lónìí, ògiri náà ti já sí méjì. Ẹni tó bá dúró níhà kan tó wo ìhà kejì yóò rí i pé apá ọ̀hún ti sún sí òsì, mítà 13.6 gbáko. Mustapha Meghraoui, onímọ̀ nípa ìmìtìtì ilẹ̀, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbẹ́ kòtò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, wọ́n sì lu ihò sínú ẹfun tó hù sára rẹ̀ láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilẹ̀ ti ya níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ojú omi yẹn, àti pé ti ọdún 1170 ló kẹ́yìn. Ògiri tó tọ́ sọ bí ilẹ̀ ṣe sún tó, ẹfun sì sọ ìgbà tó sún. Àwọn tó mọ ọ́n kò gbèrò irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ rárá. Omi mímu ni wọ́n ń wá.

Ìdí nìyí tí ara mi kì í gbà á bí ẹnikẹ́ni bá pe irú ògiri bẹ́ẹ̀ ní àwókù tí kò wúlò mọ́. Iye tí wọ́n kà lára ti Al Harif fi hàn pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń fẹ́ sún ní nǹkan bíi mílímítà 7 lọ́dọọdún. Láti 1170, apá ibẹ̀ kò tíì tún ya. Ìsún tí ilẹ̀ kò tíì sún, tó ti kó jọ sísàlẹ̀, ti ń lọ sí mítà 6. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sí Missyaf ka iye yẹn mọ́ irin àti sìmẹ́ǹtì tó fẹ́ rà.