Àpótí Ẹja Wa ní Sharjah

Ẹ má bínú pé ẹ ò gbọ́ mi láti ọjọ́ yìí. Ìparí ọdún ni wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì wa, ẹ sì mọ̀ pé oníṣirò owó kì í rí oorun sùn nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ẹja inú ọbẹ̀ o. Ẹja tí a ń sìn nínú àpótí dígí, tí a kàn ń wò ni.

Al Nahda ní Sharjah ni a ń gbé, létí ààlà Dubai gan-an. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo kó àwọn ọmọ lọ wo àpótí ẹja ńlá tó wà nínú Dubai Mall. Ọdún 2008 ni wọ́n ṣí i. Mílíọ̀nù 10 lítà omi ló wà nínú rẹ̀, ẹja ekurá ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lórí ẹni. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 9, dúró síbẹ̀ pẹ́ títí, ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Dádì, ẹ jẹ́ ká ra tiwa.”

Yorùbá ló fi sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó ní kó fi Yorùbá sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, òfin ilé wa ni pé ohun tí ọmọ bá fi Yorùbá béèrè, mi ò gbọ́dọ̀ sọ pé “rárá” láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá wọn ní òfin yìí ló máa sọ mí di akúṣẹ̀ẹ́.

Mo rò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a wọ ṣọ́ọ̀bù ẹja kan, mo ra àpótí dígí tó ń gba 60 lítà, òkúta wẹ́wẹ́, ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi, mo sì ra ẹja 12 pẹ̀lú. Ẹja tó lẹ́wà jù ni a mú: guppy tí ìrù rẹ̀ gùn bí aṣọ àríyá, tiger barb tó ní ilà dúdú lára, àti betta pupa kan. Ẹni tó ń tajà kò bi wá ní ìbéèrè kankan, èmi náà kò sì bi í. A délé, a bu omi ẹ̀rọ sínú àpótí, a da ẹja sí i. Inú wa dùn!

Lọ́jọ́ kejì, ìrù àwọn guppy ti ya. Àwọn tiger barb ni wọ́n ń gé e jẹ. Ọmọkùnrin mi kékeré sáré wá, ó ní, “Dádì, wọ́n ti jẹ ìyẹ́ ẹ̀!” Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ rí àṣìṣe rẹ̀? Ẹyẹ ló ní ìyẹ́. Lẹbẹ ni ẹja fi ń lúwẹ̀ẹ́, ìpẹ́ ló sì bo ara rẹ̀. Mo tún un ṣe fún un níbẹ̀, bíi pé gírámà ni ìṣòro tí a ní.

Ní ọjọ́ kẹrin, méjì kú. Ní ọjọ́ kẹjọ, kò ku ẹyọ kan. Omi mọ́ gaara o, kò sí ohun tí ojú lè rí níbẹ̀. Ọmọbìnrin mi wo àpótí náà, kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, “Dádì, ta ló pa wọ́n?”

Ó rọrùn láti sọ pé “wọ́n kú ni.” Gbólóhùn yẹn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ń wò, mo ní, “Èmi ni.”

Ó ní, “Ẹ ò mọ̀ ni?” Mo ní, “Mi ò béèrè ni.”

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ẹja bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ohun tí mo rí nìyí. Ẹja ń jẹ, ó sì ń ṣu. Láti ara rẹ̀, láti inú ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ni májèlé kan tó ń jẹ́ amóníà ti ń wá. Nínú odò, omi ń ṣàn, ó ń gbé e lọ. Nínú àpótí, ibi tí ẹja ń ṣu sí náà ló ti ń mí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń sọ amóníà di náítíráìtì. Májèlé ni ìyẹn náà. Àwọn mìíràn tún ń sọ náítíráìtì di náítírétì, èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí a lè dín kù bí a bá ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Inú kànìnkànìn tó wà nínú ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi ni àwọn kòkòrò rere yìí ń gbé jù. Ṣùgbọ́n wọn kì í wà nínú àpótí tuntun. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́ náà. A máa ń sọ pé yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí yàrá náà kò bá ní ilé ìyàgbẹ́, ìfẹ́ ò ní pẹ́ tán.

Nítorí náà a dúró. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni a fi ń tọ́jú àpótí tí kò ní ẹja. Lójoojúmọ́ a máa ń wọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi kó lè rà, kí àwọn kòkòrò lè rí amóníà jẹ. Ọmọkùnrin mi sọ fún àwọn ará ilé kejì pé bàbá òun ń fún omi lóúnjẹ. Mo ra oògùn tí wọ́n fi ń dán omi wò, mo ń kọ iye amóníà àti náítíráìtì sílẹ̀ lálaalẹ́ bí ìwé owó. Ọjọ́ tí méjèèjì di òdo, mo pariwo débi pé ìyá wọn sáré jáde láti ilé ìdáná.

Ọ̀rọ̀ omi fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Kò sí odò tó ń ṣàn láti ọdún dé ọdún ní orílẹ̀-èdè yìí. Omi òkun ni wọ́n ń yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀, bíi ti ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní Jebel Ali, kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ wa. Wọ́n ń fi kílórìnì sí i kó lè mọ́ fún ènìyàn, kílórìnì yìí sì ń pa ẹja àti kòkòrò rere. Oògùn wà tó ń pa agbára rẹ̀. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, oòrùn máa ń na tánkì orí òrùlé débi pé omi tútù ń jáde bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni a máa ń pọn ún sí lálẹ́, nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, kó tó di àárọ̀. Ìwọ̀n ooru 25 ló tẹ́ ẹja wa lọ́rùn. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ní aṣálẹ̀ yìí, mo tún ra ẹ̀rọ tí ń mú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, torí amúlétutù máa ń mú yàrá tutù jù lóru.

Nígbà tí a padà lọ ra ẹja, ọmọbìnrin mi ló ń béèrè ọ̀rọ̀, èmi dúró sẹ́yìn. Ṣé oníjà ni? Ṣé àpapọ̀ ló ń gbé? Ṣé òkè ló ń gbé ni, àbí àárín, àbí ìsàlẹ̀? A mú harlequin rasbora mẹ́jọ, ẹja kékeré láti ìhà Malaysia tó máa ń rìn ní agbo láàárín omi. Fún ìsàlẹ̀, a mú corydoras mẹ́fà, irú èyí tó kéré. Mọ̀lẹ́bí ẹja àrọ̀ ni, láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó nírùngbọ̀n, ó ń tú iyanrìn kiri. Kò sí ẹni tó ń yọ ẹnì kan lẹ́nu.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ẹja kan nínú àpótí mìíràn, ìyàwó rẹ̀ ní ikùn pupa rẹ́súrẹ́sú. Kribensis ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Boulenger ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1901, àwọn odò gúúsù Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù sì ni orírun rẹ̀. Ará ilé! Òótọ́ ni pé oko ẹja ni wọ́n ti ń bí ọ̀pọ̀ nínú wọn báyìí, kì í ṣe inú odò wa. Àwọn ọmọ mi náà, ilé ìwòsàn Dubai ni wọ́n ti bí wọn. Mo ra takọtabo.

Nígbà tí a fi hàn ìyá mi ní Abẹ́òkúta lórí fóònù, wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Ẹpìyà rèé!” Wọn ò jìnnà sí òótọ́, ìdílé kan náà ni. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kó tóbi díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó sè é.” Ọmọbìnrin mi figbe ta, “Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, a kì í jẹ ẹ́!” Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ náà. Kí ẹja tó dé, ìṣẹ́jú méjì ni, “Ẹ kú àárọ̀ mà, ó dàbọ̀ mà.”

Ẹni tó wá dá ìjà sílẹ̀ ńkọ́? Ará ilé wa náà ni. Takọtabo yé ẹyin sínú ìkòkò amọ̀ kékeré tí a gbé sísàlẹ̀, láti ọjọ́ náà, kò sí corydoras tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Bàbá ń lé wọn, ìyá ń lé wọn, gbogbo wọn sá sí kọ̀rọ̀ kan. Mo ní a ó dá wọn padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin mi ní, “Dádì, ọmọ wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹ̀yin lẹ ò béèrè.”

Kò sí èsì lẹ́nu mi. Mo ra àpótí kejì. Ní tọjú-tìyẹn, mo mú kànìnkànìn tó ti gbó nínú ẹ̀rọ àpótí àkọ́kọ́, mo gbé e sínú tuntun kí àwọn kòkòrò rere lè tètè gbilẹ̀, mo sì dán omi wò kí n tó kó tọkọtaya náà àtàwọn ọmọ wọn síbẹ̀. Orí tábìlì tí mo ti máa ń ṣiṣẹ́ ni ó wà báyìí. Ní àárọ̀ Jímọ̀, tí àwọn ọmọ ilé ìwé Sharjah wà nílé tí èmi ṣì wà ní ọ́fíìsì ní Dubai, ọmọkùnrin mi máa ń pè mí láti ka àwọn ọmọ ẹja fún mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó dé mọ́kàndínlógún, kò mọ èyí tó kàn, ni àwọn ẹja bá sáré kọjá, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan. Ẹ bá mi sọ fún un o: kí ló tẹ̀lé mọ́kàndínlógún?