Ẹ̀rín Tí Ó Pani Lára Ju Ẹ̀rù Lọ

Ọ̀rọ̀ sinimá ni mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí. Èmi kì í ṣe ògbóǹtagí nínú ọ̀ràn fíìmù; bí mo bá rí àyè lọ sí ilé sinimá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, ó pọ̀. Inú ilé ni mo ti ń wo ìyókù, nígbà tí a bá ti fọ abọ́ alẹ́ tán. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé fíìmù apanilẹ́rìn-ín kò lè ṣe ọmọdé ní ibi kankan, àti pé fíìmù adáyàfoni nìkan ni ó yẹ kí ìyá máa ṣọ́ra fún. Nǹkan méjì tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ni ó yí èrò náà padà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti baálé mi ń wo Psycho, fíìmù tí Alfred Hitchcock ṣe ní ọdún 1960. A rò pé àwọn ọmọ ti sùn. A kò mọ̀ pé ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, dúró sẹ́yìn àga, tí ó ń yọjú wo ibi tí wọ́n ti ń gún obìnrin kan ní ọ̀bẹ nínú ilé ìwẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, kò wọ ilé ìwẹ̀ mọ́ bí n kò bá dúró tì í. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a wí, kò gbọ́.

Ilé ìdáná ni mo ti rí oògùn rẹ̀. Fíìmù náà kò ní àwọ̀ ju dúdú àti funfun lọ. Nítorí náà, omi ṣokoléètì ni wọ́n lò dípò ẹ̀jẹ̀. Ìró ọ̀bẹ tí a ń gbọ́ pẹ̀lú, èso kan tí ó jọ bàrà ni wọ́n ń gún. Mo po kòkó lẹ́búlẹ́bú mọ́ ṣúgà àti omi díẹ̀, mo gbé e kaná títí ó fi ki, mo sì ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ dà á sínú abọ́ funfun. Ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámi, ṣé èyí náà ni ẹ̀jẹ̀ yẹn?" Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun nìkan ni ó lọ wẹ̀.

Ti fíìmù apanilẹ́rìn-ín kò tán bọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo ilé jókòó wo ọ̀kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ akólòlò kan wà nínú rẹ̀. Ìgbàkígbà tí ó bá la ẹnu ni wọ́n fẹ́ kí á rẹ́rìn-ín, a sì ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ ìbátan baálé mi kan ń gbé lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí ọ̀rọ̀ máa ń há mọ́ lẹ́nu. Ó jókòó láàárín wa. Ní ọjọ́ kejì, bí ó ti wá pè wá láti jẹun, ọmọkùnrin mi sín in jẹ gẹ́gẹ́ bí ti inú fíìmù. Kí n tó mọ̀, ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu mi.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn dákẹ́ ni. Ó tó ọjọ́ mẹ́rin kí n tó fura pé kì í pe ẹnikẹ́ni wá jẹun mọ́. Yóò gbé abọ́ kalẹ̀, yóò sì lọ. Bí a bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, orí ni ó ń mì. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtọ́jú ilé, mo ti pa ohùn ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ọn lẹ́nu nínú ilé ara mi. Mo pè é síwájú àwọn ọmọ mi, èmi ni mo sì kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, kí n tó ní kí ọmọkùnrin mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n oṣù méjì kọjá kí á tó tún gbọ́ ìpè rẹ̀. Kò sí ṣokoléètì tí mo lè pò fún èyí.

Mo wá ronú lórí àlàyé kan tí Hitchcock ṣe nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní bí àdó olóró bá bú lójijì lábẹ́ tábìlì, ìdágìrì ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí òǹwòran bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, tí àwọn tí ó jókòó kò mọ̀, àyà rẹ̀ yóò máa já fún ìṣẹ́jú 15. Kí ni à ń ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀? À ń pariwo sí ẹni tí a kò mọ̀ rí pé, "Dìde níbẹ̀!" Fíìmù adáyàfoni mú wa ṣàánú àjèjì, ẹ̀rín ọjọ́ yẹn mú wa gbàgbé ẹni tí ó ń bá wa gbé.

N kò sọ pé kí ẹ má rẹ́rìn-ín o. Olóògbé Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, pa wá lẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dun ni. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ẹlẹ́yà. Nínú Ọ̀run Mọ̀ọ́rù, tí ó jáde ní ọdún 1982, ojúkòkòrò ni ó fà á lé gbájúẹ̀ lọ́wọ́. Ìwà ni a fi ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ènìyàn sì lè fi ìwà sílẹ̀. Ta ni yóò fi ahọ́n tí Ọlọ́run fún un sílẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin abiyamọ, ẹ máa jókòó ti àwọn ọmọ yín bí wọ́n bá ń wo fíìmù. Bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, ẹ fi bí wọ́n ṣe ṣe é hàn wọ́n. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ bi wọ́n pé: ẹni tí a fi ń rẹ́rìn-ín yìí, bí ó bá wà láàárín wa, ǹjẹ́ òun náà yóò rẹ́rìn-ín? Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Ẹyin ni ẹ̀rín náà.